Kí Ààtàn Di Ọgbà Ìgbafẹ́

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa,

Bí a bá pe páàkì ní Abẹ́òkúta, Kútọ̀ ni ọkàn awakọ̀ ń lọ: ariwo, èéfín, ẹrù. Páàkì tí à ń wí lónìí yàtọ̀. Ibi tí igi àti koríko wà ni, tí ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ òru dé lè jókòó láìsan kọ́bọ̀.

Ilẹ̀ tí a pa tì, tí ó ti di igbó àti ààtàn, kò wọ́n ní àdúgbò wa. Ejò àti ẹ̀fọn ni ó ń jẹ ayé níbẹ̀, ojú títì sì ni àwọn ọmọ wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú olókùúta ni tiwa: òkúta kì í mu omi òjò, bí oòrùn bá sì ràn, a gbóná bí ààrò. A nílò igi.

Àwọn kan yóò ní àlá lásán ni. Kí wọ́n wo Èkó. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street, níbi tí òyìnbó ti Herbert Macaulay mọ́, di ibi ìdàdọ̀tí lẹ́yìn tí a wó o. Ní 2010 ó di Freedom Park. Ibi tí a ti ń de ènìyàn mọ́lẹ̀ rí ni ènìyàn ti ń gba afẹ́fẹ́ báyìí.

Ọrẹ àánú kọ́ ni à ń tọrọ. Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 ka ìtọ́jú ọgbà ìgbafẹ́ àti gbangba ìlú mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 sì fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà fún àǹfààní gbogbo wa.

Ṣùgbọ́n ohun méjì ni a kò ní gbà. Èkíní, kí a má lé mẹkáníìkì tàbí ìyá alátẹ kúrò lórí ilẹ̀ láìfún wọn níbòmíràn. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n. Èkejì, kí a má fi owó ìwọlé dí ẹnu ọ̀nà mọ́ tálákà.

Nítorí náà, kí ẹ̀ka wa kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá àti Gúúsù Abẹ́òkúta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ ná. Bí wọ́n bá yà á, àdá àti ọkọ́ wa kò jìnnà. A ó wá ṣán an.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.