Ẹsẹ̀ Yín Ń Ké, Ẹ Má Fi Oògùn Dí I Lẹ́nu

Ẹ̀yin ará Ìbàfọ̀, ẹ̀yin ti Mówé, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń jí láago mẹ́rin ìdájí kí ilẹ̀ lè mọ́ bá yín l'Ékòó, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi. Kò ní í dùn létí gbogbo yín, ṣùgbọ́n irun funfun tó wà lórí mi kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Ẹ lọ dúró sí ibùdókọ̀ Ìbàfọ̀ láago mẹ́jọ alẹ́, kí ẹ máa wo bí èrò ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú dánfó. Ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún á kọ́kọ́ di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, á gbé ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, á sinmi, á wá fọwọ́ ti ìbàdí kó tó lè nàró. Ìyá tó tẹ̀ lé e á gbá orúnkún mú, á ní, "Yéè, Olúwa mi!" Ẹsẹ̀kẹsẹ̀, àwọn méjèèjì á nawọ́ sí ọ̀kadà kó gbé àwọn délé, ilé tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí ọ̀kadà bá dé iwájú kẹ́mísì, wọ́n á ní kó dúró díẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní kẹ́mísì yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. "Ẹ bá mi po ti ẹ̀yìn ríro." Ọmọ tó ń tajà, tí kò ka iṣẹ́ oògùn níbì kankan, á mú ọ̀rá kékeré, á ju hóró pupa kan sí i, á ju funfun méjì sí i, á fi oníyẹ̀fun kan lé e, á wé e pọ̀. Kò béèrè bóyá oníbàárà ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Oníbàárà náà kò béèrè orúkọ ohun tó fẹ́ gbé mì. Lóòótọ́, ara á fúyẹ́ lóru ọjọ́ náà, nítorí diclofenac tàbí piroxicam ló sábà máa ń wà nínú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á fi dexamethasone kún un. Àwọn méjì àkọ́kọ́ a máa dá egbò sínú ikùn, a sì máa ba kíndìnrín jẹ́ fún ẹni tó bá sọ wọ́n di oúnjẹ. Ti dexamethasone tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ: a máa gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga, a máa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, a máa mú ojú wú, ẹni tó bá sì lò ó pẹ́, eegun rẹ̀ á di ẹlẹgẹ́. Ẹni tó ní eegun ń dun òun wá ń fi owó ara rẹ̀ ra ohun tó ń jẹ eegun.

Àwọn tí kò yà ní kẹ́mísì ń lọ sọ́dọ̀ alágbo. Wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé nǹkan dídùn ló fà á. N kì í bú àgbo, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti mu ún dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó wákàtí méjì lọ, wákàtí méjì bọ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n to èèyàn mẹ́rin sí, tí orúnkún rẹ̀ kan ìjókòó iwájú, tí báàgì rẹ̀ wà lórí itan, kí ni ṣúgà wá ṣe níbẹ̀? Ìjókòó ọ̀hún gan-an ni kó kọ́kọ́ fura sí. Ní Sweden, ní àwọn ọdún 1960, dókítà kan tó ń jẹ́ Alf Nachemson fi abẹ́rẹ́ tó ń wọn agbára sínú ohun rírọ̀ tó wà láàrin eegun ẹ̀yìn àwọn èèyàn. Ó rí i pé bí èèyàn bá jókòó tó sì tẹ̀ síwájú, ohun rírọ̀ náà ń fún ju ìgbà tó bá dúró lọ. Bí ẹ sì ṣe ń jókòó láti Berger títí dé Ìbàfọ̀ nìyẹn.

Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Nígbà tí owó ilé le l'Ékòó, ọ̀pọ̀ yín gba ọ̀nà náà sá wá síbí, ẹ ra ilẹ̀, ẹ kọ́lé, ẹ ò sì fi iṣẹ́ Èkó sílẹ̀. Mi ò bá yín wí. Ṣùgbọ́n gbèsè tí ẹ ò san fún lánlọ́ọ̀dù Èkó, ẹ̀yìn yín ló ń san án báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wọn ìrìn èèyàn ti rí, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń gbé fún ọlọ́kadà. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ara yín á gun orí ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ bí ọmọdé tó fi ọ̀pá fò kọjá gọ́tà: á gòkè díẹ̀, á sì já sí òdì kejì. Agbára tó fi gòkè ló tún fi ń já lọ síwájú. Ẹni tó bá ń rìn níwọ̀nba, tí kò sáré, tí kò sì wọ́lẹ̀, ara rẹ̀ ń gba èyí tó ju ìdajì lọ nínú agbára náà padà ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí bàbá wa fi lè rìn lọ sóko, kó ro oko, kó tún rìn padà. Ní ọdún 1986, Maloiy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé Nature lórí àwọn obìnrin tó ń ru ẹrù ní Kenya: àwọn Luo ń gbé e lérí, àwọn Kikuyu ń gbé e sẹ́yìn pẹ̀lú okùn tó gba iwájú orí. Ẹrù tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn kò mú kí wọ́n lo agbára ju ìgbà tí wọ́n bá ń rìn lọ́wọ́ òfìfo. Ẹnu ya gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi èyí di ẹrù lé ọmọ ọlọ́mọ lórí o: nígbà tí wọ́n wọn àwọn obìnrin mìíràn ní South Africa lẹ́yìn náà, kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn. Ọmọ tó ń ru omi inú ọ̀rá sá tẹ̀ lé ọkọ̀ lórí márosẹ̀ wa yìí, ọrùn rẹ̀ ń jẹ ìyà.

Ìrìn kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ nìkan. Bí ẹsẹ̀ kan bá kúrò nílẹ̀, iṣan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí, lókè itan ẹsẹ̀ kejì, ló ń di ìbàdí mú kó má ṣubú. Friedrich Trendelenburg, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1895 pé bí iṣan yìí bá rọ, ìbàdí á wọ́ sí apá kan, onítọ̀hún á sì máa mi bó ṣe ń rìn. Ẹ wo àwọn ìyá wa tó ń ti ọjà bọ̀, tí wọ́n ń mi sọ́tùn-ún, mi sósì. A máa ń ní ọjọ́ orí ni. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣan tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ọ̀pá. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ń dùn yín, ọwọ́ òsì ni kí ẹ fi mú ọ̀pá. Mò ń rí ọ̀pọ̀ wa tó ń fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tó ń dùn, tí a wá ń gbé gbogbo ara tẹ̀ síbẹ̀, tí ìyà ẹsẹ̀ náà sì ń pọ̀ sí i. Ẹ yí i padà lónìí, kí ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Ti orúnkún ńkọ́? Ní ilé ìwòsàn Charité ní Berlin, wọ́n fi orúnkún àtọwọ́dá tó ní ẹ̀rọ kékeré nínú sára àwọn aláìsàn kan, ẹ̀rọ náà sì ń ròyìn ẹrù tó ń bà lé e. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹrù tó ń bà lé orúnkún kan ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara lọ. Bí èèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ní Amẹ́ríkà, Stephen Messier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní ọdún 2005 pé kílò kan tí àgbàlagbà tó sanra, tí làkúrègbé wà ní orúnkún rẹ̀, bá fọ̀n, kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí orúnkún náà ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ òkèlè ẹ̀bà láago mọ́kànlá alẹ́ torí pé aago mẹ́wàá lẹ wọlé, mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n orúnkún ń kà á.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ má dùbúlẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro, tó wá sùn kalẹ̀ bí aláboyún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bí, iṣan rẹ̀ ń yọ́ lọ lórí ibùsùn ni. Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Macquarie ní Australia gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn èèyàn 701 tí ẹ̀yìn ríro ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn kan bí wọ́n ó ṣe máa rìn, díẹ̀díẹ̀, títí dé bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀; wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fún ìdajì àwọn tí kò rìn, ẹ̀yìn ríro ti padà dé kí ọjọ́ 112 tó pé. Fún àwọn tó ń rìn, ó di nǹkan bí ọjọ́ 208. Owó ọ̀kadà kò sí níbẹ̀, owó kẹ́mísì kò sí níbẹ̀.

Ẹ bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. Bí ẹ bá dé ibùdókọ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn wọ àdúgbò, bí ojú ọ̀nà bá mọ́lẹ̀, tí kò sì léwu. Bí ẹ bá délé, ẹ jókòó lórí àga líle, kí ẹ dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan, kí ẹ tún jókòó, kí ẹ tún dìde, títí itan á fi rẹ̀ yín. Ẹni tí kò lè dìde bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti mọ ibi tí ìṣòro rẹ̀ wà, kó bẹ̀rẹ̀ lórí àga tó ga díẹ̀. Ẹ má sì tìtorí ìrìn máa sáré kọjá márosẹ̀ o; níbi tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ bá wà, ẹ gun un, àtẹ̀gùn rẹ̀ pàápàá jẹ́ ìtọ́jú fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ ṣì dá.

Bí ìrora bá kọ̀ tí kò lọ, àwọn oníṣègùn tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ yìí wà, físíò là ń pè wọ́n. Ọdún 1945 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ní Igbóbì fún àwọn sójà tó fara pa lójú ogun, ọdún 1966 sì ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ wa níṣẹ́ náà. Ìtọ́jú físíò wà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù, tí kò jìnnà sí wa. Bí ẹ bá sì ní ọkọ̀ ò jẹ́ kí ẹ ráyè lọ, Adesola Odole ti Ìbàdàn dán an wò, ó sì kọ ọ́ jáde ní ọdún 2013: àwọn tí orúnkún ń dùn, tí wọ́n ń gba ìtọ́sọ́nà lórí fóònù nílé, rí ìtura bíi ti àwọn tó ń wá sí ilé ìwòsàn. Fóònù tí ẹ fi ń wo fídíò nínú dánfó náà ni.

Àmọ́ o, ìrora kan wà tí kò gba ìrìn, tí kò gba dúró-ń-dúró. Bí ẹ̀yìn bá ń ro èèyàn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ń kú, tí kò mọ ara mọ́ láàrin itan méjèèjì, tí kò lè tọ̀ tàbí tí kò lè mú ìtọ̀ dúró, tàbí tí ibà bá a rìn, tàbí tó ń rù láìnídìí, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe ti alágbo, kì í sì í ṣe ti ọmọ kẹ́mísì.

Ó ku ẹ̀yin tí ẹ wà nípò. Ẹ kò lè sọ pé kí aráàlú máa rìn nígbà tí òjò ti gbẹ́ ojú ọ̀nà àdúgbò, tí ọlọ́jà àti ọkọ̀ sì ti pín etí márosẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Alága káńsù Ọbáfẹ́mi-Owódé àti ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, mo bẹ̀ yín, ẹ la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fún wa láti ibùdókọ̀ wọ inú ìlú, kí ẹ sì tan iná sí i.