Ìrì Inú Bésímẹ́ǹtì

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí àgbà bá pa òwe yìí, ọ̀rọ̀ ilé kọ́ ló sábà wà lẹ́nu wọn. Ẹni tó fi èrú kówó jọ ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n fún ọmọ Yorùbá tó ra ilé ní Chicago, tó fẹ́ sọ bésímẹ́ǹtì di yàrá kí màmá tó ń bọ̀ wá wẹ ọmọ tuntun lè ríbi sùn, ìrì gan-an ni.

Lóṣù Keje, atẹ́gùn gbígbóná á wọlé, á kan ògiri kọnkéré tí ilẹ̀ ti mú tutù, á sì di omi sí i lára, bó ṣe ń rí lára ìgò mínírà tútù. Ẹ wá fi òwú fiberglass àti pátákó drywall bo ògiri yẹn, ojú kò ní rí i mọ́. Ẹ̀yìn pátákó á bu, á dúdú, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé. Ọ̀dà tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí omi wọlé, tí a sáré kùn sára ògiri tó ń ṣomi, itọ́ náà nìyẹn.

Ìta ló yẹ kí owó àkọ́kọ́ lọ. Kí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ògiri ní íǹṣì 6 láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10, kí asúnrara òrùlé da omi rẹ̀ jìnnà sí ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ọ̀rá sórí ilẹ̀ kọnkéré, ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ yíká di ọjọ́ kejì. Bí omi bá wà lábẹ́ rẹ̀, inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Bó bá wà lórí rẹ̀, atẹ́gùn ló gbé e wá. Ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin lè kápá ti atẹ́gùn. Ti ilẹ̀ kò gbọ́ ti ọ̀dà rárá. Ìyẹ̀fun funfun tí ẹ bá rí lára ògiri, iyọ̀ tí omi gbé jáde nínú kọnkéré ni. Ẹ má gbá a dànù kí ẹ sì gbàgbé.

Ní Chicago, páìpù kan náà ló ń gba omi òjò àti omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí òjò ńlá bá kún un, ihò omi tó wà nílẹ̀ bésímẹ́ǹtì ló máa ń gbà padà wọlé. Ẹ ra fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi yẹn padà wọlé kí ẹ tó ra kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ yẹ gáàsì radon náà wò: kò láwọ̀, kò lóòórùn, àfi sìgá nìkan ló ṣíwájú rẹ̀ nínú ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní Amẹ́ríkà. Bó bá tó 4 pCi/L, páìpù àti fáànù tí yóò fà á jáde ló kàn.

Èyí tó ká mi lára jù ni fèrèsé. Nígbà tí òjò ìjì Ida rọ̀ ní New York lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, omi ká ènìyàn 11 mọ́ yàrá abẹ́ ilé, wọ́n sì kú. Ibi tí ènìyàn yóò máa sùn gbọ́dọ̀ ní fèrèsé tí àgbàlagbà lè gbà jáde, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má ga ju íǹṣì 44 lọ láti ilẹ̀. Bí owó rẹ̀ kò bá tíì sí, pálọ̀ òkè ni kí màmá sùn.