Òdòdó abẹ́ igbó: aájò àṣejù ló ń pa á

Kò sẹ́ni tó máa gba Sango kọjá lọ́jọ́ iṣẹ́ tí kò ní í mọ̀ pé ìlú ti kún. Láti abẹ́ bíríìjì títí dé Ojúọrẹ, ọkọ̀ ló ń ti ọkọ̀, èrò ń ti èrò, èéfín iléeṣẹ́ ń rú lọ sókè. Bí èèyàn bá dìde nínú dánfó láàárọ̀ kùtù tó ní ọ̀rọ̀ òdòdó lòun fẹ́ẹ́ sọ, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi í rín. Wọ́n á ní owó ilé kò tíì pé, owó iléèwé ọmọ ń bẹ nílẹ̀, ta ló ń ráàyè òdòdó? Àmọ́ òdòdó kan wà tọ́rọ̀ ẹ̀ kan ará Ọ̀tà gbọ̀ngbọ̀n, nítorí irú ilẹ̀ tí katapílà ń ha lójoojúmọ́ yìí gan-an ni ilé ẹ̀.

Ọ́kíìdì ni wọ́n ń pe ìdílé òdòdó náà. Ìdílé ńlá ni, oríṣi tó wà nínú ẹ̀ káàkiri ayé ju 25,000 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, orí igi ni wọ́n ń gbé bí àfòmọ́, àmọ́ wọn kì í fa oje igi mu bíi tàfòmọ́. Ibùjókòó lásán ni wọ́n fi igi ṣe. Èyí tọ́rọ̀ ẹ̀ wà nílẹ̀ yìí kì í gun igi rárá. Ilẹ̀ ló ń gbé, lábẹ́ ìbòòji, láàárín ewé tó ti jábọ́ tó sì ti ń jẹrà. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko, Oeceoclades maculata lorúkọ ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn ti kó o sábẹ́ orúkọ Eulophia báyìí. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, Nàìjíríà sì wà lára ibi tó ti ń hù fúnra ẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ojà ìkòokò kò ní í pẹ́ dá a mọ̀, torí ewé àwọn méjèèjì jọra. Ewé náà nípọn, ó le, àmì dúdú-dúdú sì wà lára ẹ̀ bí ẹ̀yìn ejò. Ìsàlẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn wà. Ewé ti ọ́kíìdì yìí jókòó lórí kókó kékeré kan tó yọ sórí ilẹ̀, roboto bí àlùbọ́sà tí kò tíì gbó. Inú kókó yìí ló ń tọ́jú omi àtoúnjẹ pa mọ́ sí de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tó bá fẹ́ẹ́ tanná, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó, òdòdó wẹ́wẹ́ á sì tò sí i lára. Òdòdó kan kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, àmì pupa rẹ́súrẹ́sú méjì sì wà létè ẹ̀ bíi pé ẹnìkan fi ọwọ́ kàn án sí i.

*Nílé kò níyì, lókè òkun ó di ọ̀gá*

Wọ́n ní wòlíì kì í níyì nílùú ara ẹ̀. Ewéko tẹ́sẹ̀ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nílé yìí, àwọn òyìnbó ti ń kọ̀wé nípa ẹ̀ ó lé ní igba ọdún. Ọdún 1821 ni John Lindley, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀ nínú ìwé, ilẹ̀ Brazil ni wọ́n sì ti mú èyí tó rí wá. Ìyẹn ni pé kí wọ́n tó ṣí ojú ìwé sí i rárá, ọmọ Áfíríkà yìí ti sọdá òkun. Lọ́dún 1974, wọ́n rí i ní ìpínlẹ̀ Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní agbègbè Miami. Látìgbà náà ló ti ń tàn kálẹ̀ nínú igbó wọn débi pé wọ́n ti ń pè é ní àlejò tó fẹ́ẹ́ gbalé mọ́ onílé lọ́wọ́.

Nǹkan tó ràn án lọ́wọ́ ni pé kì í dúró de kòkòrò kó tó so. Àwọn tó ṣèwádìí ẹ̀ ní erékùṣù Puerto Rico rí i pé bí òjò bá kán lu òdòdó náà, ìyẹn nìkan tó láti jẹ́ kó gba ara ẹ̀ lóyún. Òjò rọ̀, ó tanná, ó so, ó parí.

Ẹnìkan lè wáá béèrè pé tó bá lágbára tó báyìí, kí ló dé tí wọ́n tún ń sọ pé ó ṣòroó gbìn? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

*Ọmọ tí alágbàtọ́ ń tọ́*

Kóró ọ́kíìdì dà bí ẹ̀tù ni. Bí èèyàn bá mí sí i, ó ti fò lọ. Ẹ wo kóró àgbàdo tàbí ẹ̀wà, oúnjẹ tó máa jẹ kó tó lè yọ ewé ti wà nínú ẹ̀ látilé. Kóró ọ́kíìdì kò ní nǹkan kan. Ó dà bí ọmọ tuntun tí ọmú ìyá ẹ̀ kò ní wàrà. Alágbàtọ́ ló ń gbà á là, alágbàtọ́ náà sì ni àwọn ẹbí olú tó ń gbé nínú ilẹ̀, tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn. Àwọn yìí ló máa wọ inú kóró náà, tí wọ́n á fún un lóúnjẹ títí tó fi máa ní ewé tirẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí wọn, kóró ẹgbẹ̀rún lè bọ́ sílẹ̀ kí ẹyọ kan ṣoṣo má hù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Noël Bernard, ló já àṣírí yìí lọ́dún 1899. Nígbà tó di ọdún 1922, Lewis Knudson ní Amẹ́ríkà fi hàn pé èèyàn lè fi ṣúgà àtàwọn èròjà mìíràn rọ́pò alágbàtọ́ náà nínú ìgò tó mọ́ tónítóní. Ọgbọ́n ìgò yìí ló sọ ọ́kíìdì di ọjà ńlá. Àwọn funfun gbàǹgbà tí wọ́n ń gbé síwájú tábìlì níbi ìgbéyàwó àwọn olówó, inú ìgò lọ̀pọ̀ wọn ti ṣẹ̀ wá.

Ẹni tó ń gbé yàrá àti pálọ̀ ní Ọ̀tà kò ní ìgò, kò sì ní yàrá tó mọ́ bíi ti dókítà. Nítorí náà, kó má wulẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú lórí kóró. Kókó ni wọ́n fi ń gbìn ín nílé. Ìdì kan tó ní kókó mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ṣì so pọ̀ mọ́ra ló dáa jù, torí èyí tó bá dá wà lè pẹ́ gan-an kó tó rí ara ẹ̀ gbé dìde.

*Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀*

Ike ọ̀dà tó ti ṣófo tó, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lu ihò mẹ́rin sí márùn-ún sí ìdí ẹ̀. Ẹ má bu ilẹ̀ amọ̀ ẹ̀yìnkùlé sínú ẹ̀, omi kì í tètè kúrò nínú amọ̀. Ewé gbígbẹ tó ti ń jẹrà, yanrìn odò tí kóró ẹ̀ tóbi díẹ̀, àti èédú tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni kí ẹ pò pọ̀. Bí ilẹ̀ tó ti ń hù tẹ́lẹ̀ bá wà, ẹ bu díẹ̀ sí i, ibẹ̀ làwọn alágbàtọ́ ẹ̀ wà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ gbìn ín, gbòǹgbò nìkan ni kó wọlẹ̀. Orí ilẹ̀ ni kókó gbọ́dọ̀ jókòó sí. Ẹni tó bá bo kókó mọ́lẹ̀ bí ẹní gbin iṣu, kó má wá sunkún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, jíjẹrà ló máa jẹrà.

Ìbòòji ló fẹ́, kì í ṣe òkùnkùn. Abẹ́ igi máńgòrò dáa, ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn àárọ̀ nìkan ń dé náà dáa. Oòrùn ọ̀sán tó ń bọ́ lára páànù máa jó ewé ẹ̀ dúdú.

Ọ̀rọ̀ omi ló wáá kàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pa á. Òṣìṣẹ́ máa tibi iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀, ó máa rí i pé ewé kò yí padà látàná, àánú ẹ̀ á ṣe é, á bomi sí i. Ìyàwó ilé náà máa jí, á bomi sí i. Àwọn ọmọ á tiléèwé dé, àwọn náà á bomi sí i. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kókó á ti rọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó bàjẹ́. Wọ́n á wáá ní òdòdó yẹn kò gba ilé wọn, àwọn mìíràn tiẹ̀ lè máa fura sí aládùúgbò, ṣé Ọ̀tà ni wọ́n kúkú wà! Kò sí aládùúgbò kankan nínú ẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Tí òjò bá ń rọ̀, tí ewé tuntun ń yọ, ẹ lè bomi sí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bí òjò kò bá ti ṣe iṣẹ́ náà fún yín. Ẹ kọ́kọ́ ti ìka bọ ilẹ̀ ẹ̀. Bó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ẹ dín omi kù gan-an, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì lè tó. Kókó tó bá hunjọ díẹ̀ kò tíì kú, omi tó tọ́jú pa mọ́ ló ń mu. Ohun tí wọ́n bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìgbẹ́ adìyẹ kò ṣòroó rí ní Ọ̀tà, àmọ́ ẹ má kó o tútù sí i, ó le jù fún gbòǹgbò ẹ̀. Ewé jíjẹrà tẹ́ ẹ bá ń fi kún un lọ́dọọdún ti tó. Ẹ máa ṣọ́ ìgbín lálẹ́, ewé tuntun ló fẹ́ràn jù. Bí kòkòrò funfun tó dà bí òwú bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi aṣọ rírọ̀ àtomi ọṣẹ díẹ̀ nù ún kúrò. Bí kókó kan bá ń jẹrà, ẹ fi ọ̀bẹ tó mọ́ gé e, ẹ fi ẹ̀tù èédú pa ojú ọgbẹ́, kẹ́ ẹ má sì bomi sí i fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

*Níbo ló yẹ kí wọ́n ti mú un?*

Ìbéèrè tó le jù nìyí, torí ìfẹ́ òdòdó lè sọ èèyàn di ọ̀tá òdòdó. Ẹ wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní Zambia. Wọ́n ní oúnjẹ kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní chikanda. Iṣu wẹ́wẹ́ tó wà nídìí àwọn ọ́kíìdì orí ilẹ̀ ni wọ́n ń gún pọ̀ mọ́ ẹ̀pà, wọ́n á sè é títí tó máa fi dì bíi kéèkì. Oúnjẹ abúlé ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ará ìlú ńlá gba tiẹ̀ tó di ọjà, wọ́n wú ọ́kíìdì títí ó fi di ọ̀wọ́n nílé, làwọn oníṣòwò bá kọjá sí Tanzania láti máa wú tiwọn. Bí wọ́n bá sì ti wú iṣu nídìí ewéko, ó parí fún un nìyẹn. Orílẹ̀-èdè Tanzania yìí ló sọ òkè Kitulo di ọgbà ìjọba lọ́dún 2005, nítorí òdòdó tó wà níbẹ̀, tí ọ́kíìdì pọ̀ nínú wọn.

Òfin náà wà. Àdéhùn CITES, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 1975, kó gbogbo ìdílé ọ́kíìdì pọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kó èyí tó wú nínú igbó kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń ronú pé Ìdírókò kò jìnnà, kóun kó díẹ̀ lọ tà, kó yáa tún inú rò.

Inú igbó tó ṣì dúró, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kó wà níbi tí alágbàtọ́ ẹ̀ wà. Ilẹ̀ tí wọ́n ti tà, tí wọ́n ti fọ́n èédú àlà sí, tí katapílà ń bọ̀ lọ́la, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ lọ bá onílẹ̀, ẹ kí i dáadáa, ẹ gbàyè lọ́wọ́ ẹ̀ kí ẹ tó wọbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́, torí ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ kì í ṣe ohun eré. Ẹ wú u tòun ti ilẹ̀ ìdí ẹ̀, ẹ gbé e sínú ike, ẹ gbé e sí ìbòòji. Nígbà tí kókó bá sì pọ̀, ẹ pín in fún ará ilé kejì, kó má baà jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ló kù sí.

Ilé àtiléeṣẹ́ kò ní í yé dìde ní Ọ̀tà, kò sì burú, ibẹ̀ náà lọ̀pọ̀ ti ń jẹun. Àmọ́ bí katapílà bá ha ilẹ̀, kì í ṣe ewéko nìkan ló ń pa, ó ń kó alágbàtọ́ tó yẹ kó tọ́ ọmọ ẹ̀ lọ pẹ̀lú. Bọ́rọ̀ bá ń lọ báyìí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ Ọ̀tà tó bá fẹ́ẹ́ rí òdòdó ilẹ̀ ẹ̀ máa ní láti wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Miami, níbi tí wọ́n ti ń wú u dànù bí èpò. Ohun tá a ní là ń náání. Ike ọ̀dà kan àti ìbòòji díẹ̀ ló ń béèrè, pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi.