Ọfà Kan, Ọta Kan

Ìbà Ògún. Ìbà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ìbà àwọn àgbà ọdẹ tó ti wọ káà ilẹ̀ lọ. Kí ìbà mi ṣẹ kí n tó la ẹnu, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo wa nínú.

Èrò mẹ́ta kan ń jà ràn-ìn láàárín àwa ọmọ òrìṣà tí a ń gbé ní Eastbrook, Dagenham àti Barking. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tí a bá gbé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì lé lórí kò gbọdọ̀ fi ìbọn pa ẹran, pé ọrun àti ọfà nìkan ni òrìṣà mọ̀. Èkejì ni pé igbó ni ilé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, nítorí náà ọmọ rẹ̀ kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni kí ó tó wọ igbó. Ẹ̀kẹta ni pé bí ó bá di dandan kí a lo ìbọn, kí a wá èyí tí ọta pọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹran má baà bọ́. Mo ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tọ̀nà. Ìbọn ọlọ́ta kan, èyí tí a máa ń ká ní ìdí kí a tó fi ọta ẹyọ kan há a, ní ilẹ̀ tí onílẹ̀ ti fún wa láyè, òun ló bá ìwà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì mu jù ní ìlú tí a wà yìí.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọfà ṣáájú. Lábẹ́ òfin Deer Act ti 1991 àti Wildlife and Countryside Act ti 1981, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi ọfà pa àgbọ̀nrín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ fi òfin sílẹ̀ ná. Ta ló sọ pé ọrun tó wà lójúbọ jẹ́ irinṣẹ́? Osé wà lójúbọ Ṣàngó, ta ni nínú wa ló ń gbé e jáde lọ bá ọ̀tá jà? Àmì ni osé, àmì náà ni ọrun. Ní Cuba, irin ni wọ́n fi ń rọ ọrun àti ọfà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, inú ìkòkò kan náà pẹ̀lú Ògún ni wọ́n sì sábà máa ń kó o sí. Ẹni tó bá ní òye yóò gbọ́ ohun tí ìkòkò yẹn ń wí: ọdẹ kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsí irin. Nígbà tí ìbọn ṣakabùlà dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn baba wa gbé e kọ́ èjìká, wọ́n sì ń sun ìjálá lọ. Kò sí ojúbọ Ògún kan tó lé wọn. Kí ló wá dé tí ìyàwó òrìṣà tó gba ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ jẹ́ ọlọ́fà ju àwọn baba ọdẹ lọ?

Ìtàn kan wà tí àwọn ará ilé Kétu ní Bahia kò gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun Dahomey fọ́ Kétu fúnra rẹ̀ ní 1886. Wọ́n ní ẹyẹ àwọn àgbà òru bà lé òrùlé ààfin ọba ní àkókò ọdún iṣu. Ọba ránṣẹ́ pe àwọn ọdẹ. Ẹni tó ní ogún ọfà wá, ó ta gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹni tó ní ogójì wá, ó ta wọ́n dànù. Ẹni tó ní àádọ́ta wá, bákan náà ni. Ẹni tí ó kẹ́yìn kò ní ju ọfà kan ṣoṣo lọ. Ìyá rẹ̀ ti rúbọ kí ó tó gbé ọrun sókè. Ọfà kan náà ló mú ẹyẹ wálẹ̀.

A máa ń sọ ìtàn yìí, a máa ń pàtẹ́wọ́, lẹ́yìn náà a ó wá jókòó máa jiyàn nípa ìbọn tó gba ọta márùn-ún. Ṣé a gbọ́ ìtàn náà rárá? Àwọn mẹ́ta tó ṣáájú kì í ṣe òpè. Ọ̀pọ̀ ọfà ló tàn wọ́n. Ẹni tó mọ̀ pé mìíràn wà nínú apó kò ní fi gbogbo orí àti ọkàn rẹ̀ sí àkọ́kọ́. Ẹni tó ní ẹyọ kan ni yóò rúbọ ṣáájú, tí yóò dúró, tí yóò wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tí yóò sì lè sọ fún ara rẹ̀ pé, “Rárá, kì í ṣe ti òní,” kí ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ohun tí ìbọn ọlọ́ta kan ń ṣe fún ọdẹ gan-an nìyẹn. Ó ṣe é ká sí méjì, ojú gbogbo ènìyàn ló sì lè rí i bóyá ọta wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Ó fúyẹ́, ó kúrú, kò ní àpò ọta tí yóò máa ti òmíràn sókè. Òfin béèrè pé kí ìbọn tí a ó fi pa àgbọ̀nrín ńlá má kéré ju .240 ínṣì lọ ní ẹnu, kí ọta rẹ̀ sì ní agbára tó tó. Irú ọta bẹ́ẹ̀ lè rìn ju kìlómítà kan lọ bí kò bá rí ohun tó dá a dúró. Nítorí náà ọdẹ gbọ́dọ̀ rí i pé ilẹ̀ gíga wà lẹ́yìn ẹran, kí ẹran dúró ní ẹ̀gbẹ́, kí ó sì fojú sun ẹ̀yìn apá iwájú, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà. Bí ọ̀kan bá kù nínú nǹkan mẹ́ta yìí, kò gbọdọ̀ yìn ín.

Wọ́n á ní, “Bí ọta àkọ́kọ́ bá ṣe ẹran léṣe, tí kò kú ńkọ́?” Nínú gbogbo àwíjàre wọn, èyí nìkan ni mo bọ̀wọ̀ fún, nítorí ìrora ẹran kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ọdẹ tó ti fi ara balẹ̀ kọ́ṣẹ́ lè ká ìbọn rẹ̀, kí ó fi ọta kejì há a láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ohun tó máa ń fa ọgbẹ́ burúkú jù ni kí ènìyàn máa yìn tẹ̀ lé ẹran tó ti ń sáré, ọta púpọ̀ ló sì ń fa ọwọ́ ènìyàn síbẹ̀. Bí ẹran bá sì wọgbó pẹ̀lú ọgbẹ́, ajá tó mọ ipa ẹ̀jẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́. Ẹ kò sì ní kí n sọ fún yín ẹni tó ni ajá.

Ó ku ti igbó aláìlólúwa. Eastbrookend Country Park wà nítòsí wa. Ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, tí wọ́n sì ń da ilẹ̀ sí, kí wọ́n tó ṣí i fún aráyé ní 1995. Àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, àwọn arúgbó ń mú ajá wọn rìn. Ẹni tó bá gbé ìbọn wọ ibẹ̀ lórúkọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, ewu ni ó gbé wọ̀lú. Àwọn àgbọ̀nrín tó ń jẹko níwájú ilé àwọn ènìyàn ní Harold Hill, ẹ má ṣe tìtorí pé wọn kò sá fún ènìyàn kí ẹ sọ pé òrìṣà ló fi wọ́n ránṣẹ́ sí yín. Òfin 1991 yẹn sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti wọ ilẹ̀ ẹni tí kò yọ̀ǹda kí a sì máa wá àgbọ̀nrín kiri níbẹ̀. Ó tún ka yíyìnbọn fún un léèwọ̀ láti wákàtí kan lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ títí di wákàtí kan kí ó tó yọ. Àwọn tó dàgbà sí ìdí ọdẹ tó ń de fìtílà kábáìdì mọ́rí lóru, ẹ gbọ́ èyí dáadáa.

Ẹni tó bá ní òfin òyìnbó ni mo ń kà, kí ó dá mi lóhùn. Ní kóòtù Nàìjíríà, irin ni ọmọ òrìṣà ń fi búra. Nígbà tí o bá fọwọ́ sí ìwé níwájú ọlọ́pàá kí wọ́n tó fún ọ ní àṣẹ ìbọn, tí o sọ ibi tí o ó ti lò ó àti ohun tí o ó fi ṣe, kí ni o rò pé o ń ṣe? Lórí irin ni o ń búra. Bí o bá dalẹ̀, ọlọ́pàá lè má mọ̀. Ògún yóò mọ̀.

Ilẹ̀ yìí sì ní àwọn àgbà tirẹ̀ kí àwa tó dé. Ní 1922, wọ́n wú ère igi kan jáde nínú ẹrẹ̀ ní Dagenham. Igi páìnì ni, kò ga ju sẹ̀ntímítà 46 lọ, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ju ẹgbàajì ọdún lọ. Nítòsí egungun àgbọ̀nrín ni wọ́n ti rí i. Èmi kò ní sọ pé òrìṣà wa ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ lójoojúmọ́ yìí, ère àti àgbọ̀nrín ti jọ sùn fún ìgbà pípẹ́. Ṣé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ó máa pè ní igbó aláìlólúwa?

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀kọ́, ẹ mọ ẹran tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Àgbọ̀nrín ilé wa kì í ṣe irú ti ibí. Ìwo tiwa kì í rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwo akọ ti ibí ń rẹ̀ lọ́dọọdún tí òmíràn sì ń hù. Oríṣi mẹ́fà ló wà ní Britain, méjì péré ló jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Kò sí ìkookò mọ́ tó ń pa wọ́n, wọ́n sì pọ̀ débi pé wọ́n ń jẹ igi kéékèèké run. Nílé, ẹran igbó ń tán lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ ọdẹ tòótọ́ kò ní fi ojú kan náà wo igbó méjèèjì. Abo àgbọ̀nrín alámì funfun tó wà ní Epping Forest àti Essex, láti 1 Kọkànlá sí 31 Ẹ̀kẹta nìkan ni òfin gbà kí a pa á, nítorí ọmọ tó ń tọ́. Ta ni nínú wa ló lè pe èyí ní ohun àjèjì?

Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ọdẹ ń fúnni jẹ. Nítorí náà, ẹ wá àgbẹ̀ tó ní ilẹ̀, ẹ tọrọ àyè, ẹ gba ìwé àṣẹ, ẹ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ rúbọ kí ẹ tó jáde. Ẹ fi ọta kan há ìbọn. Bí ó bá bà á, ẹ pín ẹran náà yí ilé ká. Bí ẹ kò bá sì yìn ín rárá, ẹ kò tí ì ṣe ohun tó burú lójú Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ń wá àádọ́ta ọfà, kí ó rántí bí ti ẹni àkọ́kọ́ tó ní i ṣe parí.