Òṣùwọ̀n Tí Kò Rí Wẹ́dà Ìbẹ̀fun

Bí wọ́n bá ní ká dárúkọ iléeṣẹ́ kékeré tó fi ìmọ̀ ẹ̀rọ dá nǹkan tuntun sílẹ̀, Paystack ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu. Kò burú. Ọdún 2015 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tó sì di 2020, Stripe rà á ní owó tó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Àmọ́ ṣé owó nìkan la fi ń mọ àtinúdá ni?

Ẹ jẹ́ ká wá sí Ìbẹ̀fun, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ká ní wẹ́dà kan tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ rí i pé omi ẹ̀gẹ́ ń mú kí irin dípẹtà, ó wá fi irin tí kì í dípẹtà rọ́pò rẹ̀. Gàrí mọ́ sí i, ẹ̀rọ sì ń pẹ́. Bí a bá fi owó ìwádìí àti ìwé àṣẹ olùṣẹ̀dá wọn iṣẹ́ rẹ̀, òdo ló máa gbà.

Òṣùwọ̀n yẹn ló kù díẹ̀ káàtó. Oslo Manual, ìwé ìlànà tó kọ́kọ́ jáde ní 1992, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2018, sọ pé kò dìgbà tí nǹkan bá jẹ́ tuntun lágbàáyé. Bó bá ti yàtọ̀ gidi sí ti tẹ́lẹ̀ ní iléeṣẹ́ náà, tó sì ti dé ọwọ́ àwọn tó máa lò ó, ó kà. NACETEM ní Ilé-Ifẹ̀ náà ti ṣe irú ìwádìí yìí ní Nàìjíríà.

Ìṣòro tó kù ni pé wẹ́dà wa kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Tí owó ìrànwọ́ bá dé, ẹni tó mọ fọ́ọ̀mù kọ ló máa kó o lọ.

Ibí ni tiwa ti wọ̀ ọ́. Láti 1973 ni SIWES ti wà, àmọ́ kí là ń kọ sínú lọ́gíbúùkù wa? Ẹ jẹ́ ká máa bi ọ̀gá wa ní ìbéèrè mẹ́ta: kí lẹ yí padà láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn? Àwọn wo ló ń lò ó? Àkókò tàbí owó mélòó ló dín kù fún wọn?

Ẹnìkan lè ní gbogbo ọ̀gá ló máa yin ara rẹ̀. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká bi àwọn ìyá tó ń yan gàrí pẹ̀lú. Wọn ò ní torí ẹnikẹ́ni ra ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́.