Ẹni Tó Ń Tọ́jú Ọmọ àti Òbí: Ta Ni Yóò Tọ́jú Òun Náà?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí ti di òfin nílẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire: ọmọ tí òbí tọ́ dàgbà gbọ́dọ̀ tọ́jú òbí náà nígbà tí ara kò bá gbé e mọ́. Kò sí ọmọlúàbí tí yóò jiyàn sí i. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òwe náà kò sọ síta, bóyá nítorí pé àwọn tó pa á gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ọ́: ọmú tí òkété àgbà fẹ́ mu kò gbọdọ̀ gbẹ. Bí ọmọ rẹ̀ kò bá jẹun, tí kò sùn, tí àwọn ọmọ tirẹ̀ náà sì ń fa ọmú kan náà, kí ni òkété àgbà yóò rí mu?

Ipò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya tó wà láàrin ọdún 35 sí 55 wà lónìí. Àwọn ọmọ wọn kò tíì kúrò nílé ẹ̀kọ́, àwọn òbí wọn kò sì lè dá gbọ́ bùkátà ara wọn mọ́. Ní ọdún 1981, Dorothy Miller, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ó sì fi wọ́n wé ohun tí a há sáàrin búrẹ́dì méjì. Àfiwé náà ti tàn ká ayé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹrù náà tilẹ̀ ju ti ọmọ àti òbí lọ: àbúrò tó wà ní yunifásítì wà níbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ti ṣaláìsí wà níbẹ̀, àwọn àna náà kò sì ṣeé gbàgbé.

Ẹ wo bí ọjọ́ obìnrin tó wà nírú ipò yìí ṣe máa ń rí, ìbáà ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn tàbí oníṣòwò ní Òṣogbo. Kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀ ló ti jí. Ó ní láti se oúnjẹ àwọn ọmọ, kó wẹ bàbá tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, kó fún un ní oògùn, kó tó sáré wọ ọkọ̀. Lẹ́nu iṣẹ́, fóònù kò dákẹ́: ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè owó ìdánwò, ará ilé ń pè pé Bàbá kọ oúnjẹ. Lálẹ́, iṣẹ́ àmúrelé àwọn ọmọ ń dúró dè é, aṣọ tí kò tíì fọ̀ ń dúró dè é, ọkọ náà sì fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyá rẹ̀ lóṣooṣù láìyẹ̀, ṣùgbọ́n kò rántí ìgbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ gbẹ̀yìn. Bí orí bá ń fọ́ ọ, yóò lo oògùn orí fífọ́ méjì, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kéde ara rẹ̀. Ó lè wà lára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí àmì kankan, títí di ọjọ́ tí yóò sọ olùtọ́jú di ẹni tí wọ́n ń tọ́jú. Lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló ṣubú, odidi ilé ló wó.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni ọ̀rọ̀ kí ènìyàn máa tọ́jú ara rẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ìyá àtijọ́ bí ọmọ mẹ́jọ, wọ́n tọ́ wọn, wọ́n tọ́jú àna, wọn kò sì ráhùn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ó fi ìdajì ìtàn pamọ́. Ìyá àtijọ́ kò dá a ṣe. Inú agboolé ló ń gbé. Bí ó bá lọ sí ọjà, ìyálé tàbí ìyàwó ilé mìíràn á gba ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Bí bàbá àgbà bá ń ṣàìsàn, àwọn ọmọ ọmọ ló ń bu omi fún un, àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ ló ń gbé e jáde kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Ìyá àgbà tó ṣì lágbára ló ń wẹ ọmọ tuntun, tó ń rọ ọ́ ní àgbo, tó sì ń pàlọ́ fún àwọn ọmọdé lálẹ́. Àgbẹ̀ pàápàá kì í fi gbogbo ọjọ́ lọ sóko: ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà rẹ̀ wà, ọjọ́ ọjà wà, ilẹ̀ tó bá sì ti ń ṣá, ńṣe ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ kó sinmi. Títí di òní olónìí, "Ẹ kú ìsinmi" wà lára ìkíni Yorùbá. Àwọn tó dá ìkíni náà sílẹ̀ kò ka ìsinmi sí ìwà ọ̀lẹ.

Ohun tó yí padà ni pé agboolé ti di ilé oníyàrá méjì nígboro. Iye ọwọ́ ti dín kù, iye ojúṣe kò dín. Ohun tí ọwọ́ mẹ́wàá ń gbé tẹ́lẹ̀, ọwọ́ méjì péré ló kù lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ méjì ọ̀hún sì sábà máa ń jẹ́ ti obìnrin. Ọ̀pọ̀ ìdílé kì í tilẹ̀ jókòó pinnu ẹni tí yóò tọ́jú òbí. Ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ jù, tàbí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá, ni ẹrù náà máa ń bọ́ lé lórí. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tó wà lọ́nà jíjìn á fi owó ránṣẹ́, wọ́n á tún pè lórí fóònù láti béèrè ìdí tí Màmá fi rù.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá gbogbo àwọn tó wà ní òkè òkun lẹ́bi. Ìbànújẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ tiwọn náà. Láti oṣù Keje ọdún 2012 ni Ìlú Ọba ti fi òfin líle dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó bá fẹ́ mú òbí àgbàlagbà wá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2022, orílẹ̀-èdè kan náà ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn olùtọ́jú arúgbó láti ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì gba ibẹ̀ wọlé. Nípa bẹ́ẹ̀, obìnrin kan lè máa wẹ ìyá òyìnbó ní Manchester, kí àbúrò rẹ̀ sì máa dá wẹ ìyá tó bí àwọn méjèèjì ní Iléṣà. Owó tí ẹ̀gbọ́n ń fi ránṣẹ́ ṣe pàtàkì, òun ló ń ra oògùn. Ṣùgbọ́n owó kì í gbé arúgbó dìde lórí ibùsùn, owó kì í sì í jí lóru. Ẹni tó ń fi owó ṣe tirẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tí ẹni tó ń fi ara ṣe ń san wọ́n ju owó lọ. Kó fi díẹ̀ kún un láti gba ẹni tí yóò máa wá ràn án lọ́wọ́, kí àbúrò lè rí òru méjì sùn dáadáa lọ́sẹ̀.

Ìjọba náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ètò adójútòfò ìlera fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń bo òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Òbí kò sí nínú rẹ̀ àfi bí òṣìṣẹ́ bá san owó mìíràn lé e. Òfin Iṣẹ́ fún obìnrin tó bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, ṣùgbọ́n kò ya ìsinmi kankan sọ́tọ̀ fún ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlu bàbá rẹ̀. Ní Ìlú Ọba, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún láti fi tọ́jú ẹni tó gbára lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí owó fún ọ̀sẹ̀ náà. Nílé níbí, Ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó aláìní tí ọjọ́ orí wọn ti tó 65 ní 5,000 náírà lóṣooṣù ní ọdún 2011, ṣùgbọ́n ètò náà dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ìjọba yí padà. Ohun tí gómìnà kan lè gbé kalẹ̀, tí òmíràn sì lè gbé sọnù, kò ṣeé fi ọkàn tẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí àtúnṣe ti lè tètè bẹ̀rẹ̀ ni ìpàdé ẹbí. Yorùbá ní àárò: lónìí, gbogbo ẹgbẹ́ á ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan, lọ́la wọ́n á lọ sí ti ẹlòmíràn. Kí ló dé tí ọmọ ìyá mẹ́rin kò lè dá irú àárò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lórí ìtọ́jú òbí wọn? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ dúdú lórí funfun: ta ni yóò máa san owó oògùn, ta ni yóò máa mú Màmá lọ sí ilé ìwòsàn, oṣù wo ni yóò lò lọ́dọ̀ ta ni, ọjọ́ wo sì ni ẹni tó ń bá a gbé yóò fi sinmi. Àwọn ọkọ náà gbọ́dọ̀ wà nínú ètò yìí. Ọkùnrin tó lè wakọ̀ láti Ìbàdàn dé Èkó lè fọ aṣọ ọmọ, ó sì lè fún ìyá tó bí i lóúnjẹ láìdúró de ìyàwó rẹ̀. Ọmọ ọdún 12 tó ń bu omi fún bàbá àgbà, tó ń ka ìwé ìròyìn sí i létí, ń kọ́ ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú ìwé.

Fún ẹni tó wà láàrin gan-an, ìtọ́jú ara kò túmọ̀ sí ìrìn àjò lọ sí Dubai. Ó túmọ̀ sí kí ó máa sùn, kí ó máa jẹun lásìkò, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ náà nígbà tó bá mú ìyá rẹ̀ dé ilé ìwòsàn, nítorí ẹ̀rọ náà ṣáà ti wà lórí tábìlì. Lékè gbogbo rẹ̀, ó túmọ̀ sí kí ó lè sọ pé "Ó ti rẹ̀ mí" láìjẹ́ pé wọ́n pè é ní ọmọ burúkú. Ẹni tó rẹ̀ tí kò rí ẹni sọ ọ́ fún, ìbínú ni yóò bá a gbé. Òun ni yóò jágbe mọ́ bàbá tó da omi sílẹ̀. Òun ni yóò na ọmọ nítorí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Òbí tí wọ́n ń fi ìbínú tọ́jú mọ̀ ọ́n lára, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́.

Àwọn òbí náà ní ipa tiwọn. Òbí tó kọ̀ jálẹ̀ pé àfi ọmọ òun obìnrin nìkan ni yóò fọwọ́ kan òun ń já okùn tó gbé e ró. Àwọn tó wà láàrin lónìí náà ni òkété àgbà ọ̀la. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Láti ọdún 2019 ni ètò owó ìfẹ̀yìntì ti wà fún àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní ọ̀gá tó ń san owó oṣù fún wọn. Ìyá oníṣòwò tó ń dá owó díẹ̀díẹ̀ síbẹ̀ kò gba owó náà lẹ́nu ọmọ rẹ̀, ẹrù ló ń sọ̀ kúrò lórí ọmọ náà.

Ìwà kan kù tó yẹ kí Yorùbá tún wò. Àwọn ọmọ ìyá tí wọn kò lè dá owó oògùn oṣù kan jọ á rí ọ̀nà pa màlúù, wọ́n á ra aṣọ ẹbí, wọ́n á pe olórin lọ́jọ́ tí òbí náà bá kú. Àwọn tó wá jẹun á yìn wọ́n pé wọ́n sin òbí wọn dáadáa. Kò sí ẹni tí yóò yà sọ́dọ̀ ọmọ tó jókòó sí kọ̀rọ̀, tí ojú rẹ̀ ti jìn sínú. Bí ìdílé bá yọ owó màlúù kan ṣoṣo kúrò nínú ìnáwó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ná an nígbà tí òbí ṣì wà láàyè, yóò gba olùrànlọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ọdún Iléyá àti ọdún Kérésì máa ń kó ẹbí jọ. Kí wọ́n tó pín ẹran lọ́jọ́ náà, kí wọ́n bi ẹni tó ń bá òbí gbé léèrè bí ara tirẹ̀ náà ṣe rí, kí wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, lẹ́yìn náà kí wọ́n pín iṣẹ́.