Àrẹ̀mú Pé Ọgọ́rin Ọdún

Ẹ jẹ́ kí gángan ó fọhùn! Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, ọdún 2022, Olóyè Ebenezer Obey-Fábìyí, Àrẹ̀mú ọmọ Òwu, Chief Commander wa, pé ẹni 80 ọdún. Ẹ kú oríire, Bàbá. Ẹ kú ewu ọdún.

Ìdógò ni wọ́n ti bí yín lọ́dún 1942, ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ lẹ sì ti kọ́kọ́ la ohùn. Ẹ wọ Èkó, ẹ bá Fatai Rolling Dollar ṣeré, nígbà tó di 1964, ẹ dá ẹgbẹ́ International Brothers tiyín sílẹ̀, èyí tó padà di Inter-Reformers. Ẹ fi gìtá kún gìtá nínú jùjú, ẹ pè é ní mìlíkì, síbẹ̀ ẹ kò jẹ́ kí ariwo gìtá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo wá kí yín fún.

Nílé wa, bàbá mi a fi aṣọ funfun nu àwo orin kó tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tọdún 1973 ni, ìyá mi á fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Nínú orin náà, bàbá kan gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n bú u. Ọmọ rẹ̀ gùn ún, wọ́n bú u. Àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún bú wọn. Àwọn ará ibòmíràn náà mọ ìtàn yẹn tipẹ́, àmọ́ ìgbà tí ẹ fi í kọrin ló di tiwa. Títí dòní, bí ìyàwó ilé bá ń sunkún ẹnu ẹbí ọkọ, àgbà kan á kàn dárúkọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ẹkún á dá.

Nígbà tí ìjọba ní ká padà sóko lọ́dún 1976, ẹ gbé àwo Operation Feed the Nation jáde, a ń jó, a sì ń gbọ́ràn.

Nígbà tí ẹ fi òde àríyá sílẹ̀ tí ẹ di ajíhìnrere, ọkàn ọ̀pọ̀ wa gbọgbẹ́. Ojú mi ti wá là báyìí: Ọlọ́run ò fìgbà kan kúrò nínú orin yín.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, Bàbá. Àwo Board Members tọdún 1972 ni mo máa kọ́kọ́ lù lálẹ́ òní. Mo ti wá aṣọ funfun, mo ti nù ún.